Ohun tí Mo Jẹ ní Ikate

Lakowe,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Keje, 2025.

Fàrídátù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé. Ṣé ara le? Tèmi le, bí a bá yọ etí kúrò. Níbí, òjò ni. Ọ̀nà tó wọ ilé wa láti títì ti di odò, àwọn tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sì ti fi iyanrìn wọn dí gọ́tà. Mo ti bá wọn jà. Wọ́n ní àwọn máa kó o. Wọn ò tíì kó o.

Nígbà tí o pè lọ́jọ́ Jímọ̀, mo gbọ́ "Màámi", mo sì gbọ́ "ó dàbọ̀". Ohun tó wà láàárín méjèèjì, ariwo ni létí mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o dẹ́kun pípè, kì í ṣe pé mò ń bínú. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú mi ṣì ríran dáadáa. Lẹ́tà gidi ni mo fẹ́ o, tó ní ọjọ́, tó ní ibi tí a ti kọ ọ́. N ò fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní lẹ́tà kíkọ kí ọmọ tèmi wá máa fi ọ̀rọ̀ gígé ránṣẹ́ sí mi. Fi sórí fóònù, màá kà á. Èmi náà ló ń fi ìka kan tẹ èyí.

O ní oṣù tó ń bọ̀ lo máa wá lo ìsinmi rẹ. Àlùhámúdù lílááì. Ọdún mẹ́fà pẹ́. Kàmál ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ti bá mi kun yàrá rẹ ní ọ̀dà. Mo ti bá ẹni tó ń ta iṣu ewùrà sọ̀rọ̀ sílẹ̀, nítorí ìkọ́kọrẹ́ ni màá kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ, n ò fẹ́ gbọ́ pé ó rẹ̀ ọ́. Tí nǹkan mìíràn bá wà tí ọkàn rẹ ń fẹ́, tètè sọ.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni lẹ́tà rẹ ti ń kúrú. Ṣé iṣẹ́ ni? Ṣé ọkùnrin ni? Tó bá jẹ́ ọkùnrin, dárúkọ rẹ̀. Bá mi mú ìpara orúnkún yẹn wá, ti ìjọ́sí ti tán.

Èmi ìyá rẹ,
Rùkáyátù.


Leeds,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Keje, 2025.

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìjà gọ́tà.

Kò sí ọkùnrin kankan. Iṣẹ́ ni. Ilé ìdáná ilé àwọn arúgbó náà ni mo ṣì wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti yí mi nípò padà, n ò sí nídìí iná mọ́. Ẹ̀fọ́ àti kárọ́ọ̀tì ni mò ń gé báyìí. Kò burú.

Ọjọ́ kejì oṣù tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ òfúrufú mi máa balẹ̀. Kí Kàmál má wulẹ̀ wá pàdé mi, màá wọ táksí. Mo ti ra ìpara yín, mo ra méjì.

Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ má se oúnjẹ púpọ̀. N kì í jẹun púpọ̀ mọ́. Ká kàn jókòó ti ara wa náà, ó ti tó.

Ọmọ yín,
Fàrídátù.


Ikate,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹjọ, 2025.

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀. Mo mọ̀ pé inú yín kò dùn sí mi, mo sì mọ̀ pé kò dáa bí mo ṣe gbé báàgì jáde lánàá kí ẹ tó dé láti àsàlátù. Ẹ má bínú. Ọ̀dọ̀ Fúnláyọ̀ ni mo wà, ẹni tí a jọ lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì, tó máa ń wá sùn nílé wa nígbà ìdánwò. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ báyìí níbí, ó ní yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ gáàsì, ẹ̀yin lẹ jàre. Èmi ni mo ṣí i, iná kú lábẹ́ kẹ́tùrù, n ò pa á. Bí kì í bá ṣe pé ẹ wọlé ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, tí ẹ ń bi mí pé kí ni mo dúró ṣe níbẹ̀, mo wọ yàrá lọ di báàgì mi. Mo ní kí n kúrò díẹ̀ kí ilé lè rọlẹ̀.

Mo ti jẹun lónìí, kí ọkàn yín balẹ̀. Obìnrin kan ń dín àkàrà ní ìkángun àdúgbò yìí láàárọ̀. Mo dúró tì í títí ó fi kàn mí. Bí ó ṣe ń ju ẹ̀wà sínú òróró ni ó ń han ṣàà, tó bá yí i padà, á tún han. Ó gbé e fún mi nínú búrẹ́dì, ó gbóná débi pé mò ń gbé e láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan, ó ń fọ́ láàárín eyín, inú rẹ̀ sì rọ̀. Ata wà nínú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bínú sí i. Omi bọ́ lójú mi. Mo ra òmíràn.

Ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ jọ̀ọ́, bó jẹ́ èébú náà ni.

Ọmọ yín,
Fàrídátù.


Ikate,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹjọ, 2025.

Màámi,

Mo rí i lórí fóònù pé ẹ ti ka lẹ́tà mi. Ẹ ò fèsì. Mo ní kí n tún kọ òmíràn.

Fúnláyọ̀ ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, nítorí náà èmi nìkan ni mò ń rìn. Ikate yìí ti yí padà ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ẹ óò gba ẹ̀gbẹ́ ilé àtijọ́ kọjá, páánù rẹ̀ ti pọ́n, ewúrẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ yà sí ọwọ́ ọ̀tún, géètì ẹ́síteèti ni, àwọn ilé funfun tó ga bí òpó wáyà. Láàárín méjèèjì ni àwọn wẹ́dà àti káfíńtà wà, ibẹ̀ náà sì ni oúnjẹ wà.

Lánàá mo rí ọmọbìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì lábẹ́ agbòjò. Ó ní, "Àǹtí, ṣé kí n fi ẹ̀pà sí i?"

Mo ní, "Fi sí i. Èyí tó gan jù ni kí o fún mi."

"Èyí tó ti jó yìí?"

"Ẹ̀ẹ́ń, òun gan-an."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ará òkè òkun!" Ó wá fi ọ̀bẹ lu bọ̀ọ̀lì náà lẹ́ẹ̀mejì kí eérú lè gbọ̀n dànù, ó gé e wẹ́wẹ́, ó da ẹ̀pà lé e. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, mo jẹ ẹ́ tán. Òjò bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n sún mọ́ òun lábẹ́ agbòjò. Orúkọ rẹ̀ ni Tolúwani. Kò jẹ́ kí n sinmi, ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń ta bọ̀ọ̀lì ní Leeds. Mo ní wọ́n ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó máa sun ún létí títì, ọlọ́pàá máa bi í léèrè ọ̀rọ̀. A rẹ́rìn-ín.

Mo ti jẹ àgbàdo sísun pẹ̀lú àgbọn, mo ti jẹ súyà lọ́wọ́ màláàmù kan tó ń gé àlùbọ́sà bí ẹni tó ń ṣe ìdíje. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí etí òkun, mo ra gúgúrú, mo ń rún un bí ìgbì ṣe ń lu iyanrìn. Ó ti pẹ́ tí jíjẹ oúnjẹ ti dùn mọ́ mi báyìí, Màámi.

Ẹ fèsì. Ó ku díẹ̀ kí n padà.

Fàrídátù.


Lakowe,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹjọ, 2025.

Fàrídátù,

Mo rí lẹ́tà rẹ méjèèjì.

Kàmál wá síbí lánàá. Ó ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná ní ẹ́síteèti kan ní Ikate, ó sì ní òun rí ọ. Ó ní o jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ọwọ́ rẹ kún fún èédú, o ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kó tún un sọ, bóyá etí mi ni. Ó kọ ọ́ sórí ìwé fún mi. "Ó ń rẹ́rìn-ín," ohun tó kọ nìyẹn.

Gbogbo ọjọ́ tí o lò nílé yìí, n ò rí ẹ̀rín yẹn. Mo ha iṣu ewùrà títí ọwọ́ mi fi ń yún mi. Mo ra edé, mo ra ẹja gbígbẹ, mo gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú rẹ. O fi ṣíbí tì í síwá, o tì í sẹ́yìn, títí ó fi dì. O ní o ti yó. Ẹni tí kò tíì jẹ nǹkankan láti ọkọ̀ òfúrufú, kí ló yó? Lọ́jọ́ kejì mo se ẹ̀wà, bákan náà. Adìyẹ ló jẹ oúnjẹ rẹ. Ó wá di Ikate, o wá ń jẹ ti ẹni ẹlẹ́ni nínú eruku, o sì tún jókòó, o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi bí ó ṣe dùn tó! Ṣé ọwọ́ mi ti bàjẹ́ ni? Tó bá jẹ́ iyọ̀ ni, ṣé o ò lè sọ pé iyọ̀ ni?

Ìyẹn tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń dù mí lóorun ni gáàsì. O kọ ọ́ bí ẹni pé o gbàgbé nǹkan lórí iná. Fàrídátù, láti ẹnu ọ̀nà ìta ni òórùn yẹn ti gbá mi nímú. Mo sáré wọlé, mo bá ọ nínú rẹ̀. O dúró sí àárín kíṣìnnì, o ń wo fóònù. Ẹni tó bá wà láàyè máa sá fún irú òórùn bẹ́ẹ̀. Ìwọ ò sá. Ohun tí mo rò ni pé o mọ̀ọ́mọ̀ dúró síbẹ̀. Ìdí tí mo fi pariwo nìyẹn. Ìbínú kọ́, ẹ̀rù ni.

Mo bi ọ́ léèrè lọ́jọ́ yẹn, o ò dá mi lóhùn, o gbé báàgì. Mo tún ń bi ọ́ báyìí, má sì purọ́ fún mi. Ṣé o fẹ́ kú ni?

Ìyá rẹ.


Ikate,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹjọ, 2025.

Màámi,

Rárá o. N ò fẹ́ kú. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí oorun kùn yín.

N ò gbọ́ òórùn gáàsì yẹn ni. N kì í gbọ́ òórùn kankan mọ́. Bí etí yín kò ṣe gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni imú tèmi náà kò gbọ́, tèmi tilẹ̀ le jù, nítorí ẹ̀yin ṣì ń gbọ́ "Màámi".

Nínú oṣù Kínní, yìnyín bo ojú ọ̀nà. Mò ń sáré bá bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo fi ìpàkọ́ lulẹ̀. Wọ́n gbé mi lọ sí họ́sípítù, wọ́n ya àwòrán orí mi, wọ́n ní kò sí ewu, kí n máa lọ sílé. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo ń wẹ̀, tí mo ṣàkíyèsí pé ọṣẹ kò ní òórùn. Mo lọ sí kíṣìnnì, mo ṣí ìgò irú tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, mo ti imú bọ̀ ọ́. Irú, Màámi! Òfìfo ni. Dókítà ní àwọn iṣan tín-ín-rín kan wà tó gba òkè imú lọ sínú ọpọlọ, ìlulẹ̀ yẹn ló já wọn. Ó ní wọ́n lè hù padà, wọ́n sì lè má hù.

N ò sọ fún yín nítorí mo mọ̀ pé ẹ ò ní sùn. N ò sọ fún ọ̀gá mi náà. Ọbẹ̀ jóná mọ́ mi lọ́wọ́, mo dúró tì í, n ò mọ̀. Ó rò pé ọkàn mi ò sí níbi iṣẹ́, ó ní kí n máa lọ gé kárọ́ọ̀tì. Mo jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Ta ló máa fi alásè tí kò gbóòórùn sídìí ìkòkò?

Ahọ́n mi ṣì mọ iyọ̀, ó mọ ṣúgà, ata sì ń ta á. Ìyókù ti lọ. N ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé imú ló ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ tí a ń yin ẹnu sí. Nígbà tí ẹ gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, ẹ jókòó, ẹ ń wo ẹnu mi. Mo rántí bó ṣe yẹ kó rí. Mo fi ìrètí bu ṣíbí àkọ́kọ́, bóyá ti ọwọ́ yín máa yàtọ̀. Ó rọ̀, ó gbóná, ó sì tán. Kò sí ẹ̀yin nínú rẹ̀. N ò lè jẹ ẹ́ níṣojú yín, n ò sì lè sọ ìdí rẹ̀.

Ní ojú títì, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnu mi. Mo dúró nídìí àkàrà yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ torí pé ebi ń pa mí lásán, mo sì rí i pé mò ń gbádùn rẹ̀: ariwo òróró, bó ṣe gan, bó ṣe gbóná, ata. Bọ̀ọ̀lì náà bẹ́ẹ̀, àgbàdo náà bẹ́ẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri, mò ń wá ohun tí eyín àti etí mi lè jẹ. Kì í ṣe pé oúnjẹ wọn dára ju tiyín lọ. Ẹ gbà mí gbọ́.

Ẹ forí jì mí pé mo dẹ́rù bà yín.

Fàrídátù.


Lakowe,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹjọ, 2025.

Fàrídátù ọmọ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà, mo wá gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ kí ìrun.

Inú ń bí mi. Láti oṣù Kínní! O fi orí lulẹ̀ nílùú onílùú, o kọ̀wé sí mi lóṣù yẹn pé yìnyín lẹ́wà. Mo ṣì ní lẹ́tà náà. Tí o bá tún ṣe irú rẹ̀, màá wọ ọkọ̀ òfúrufú wá bá ọ, kí n sì nà ọ́ ní Leeds lójú àwọn arúgbó rẹ.

Lánàá mo ra iṣu ewùrà, mo se ìkọ́kọrẹ́ bí mo ṣe sè é fún ọ. Nígbà tó jinná, mo fi òwú dí ihò imú mi méjèèjì, mo jókòó sí àyè tí o jókòó sí. Mo bù ú sẹ́nu. Fàrídátù, ó dà bí ẹrẹ̀ gbígbóná. Mo mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, èmi ni mo kó wọn sí i, n ò sì rí ẹyọ kan. Mo bù ú lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀fun mi kọ̀ ọ́. Mo bu ẹ̀pà yíyan sẹ́nu, ìyẹn ṣeé rún, ìyẹn sàn. Ó yé mi. Nígbà tí mo yọ òwú, òórùn edé wọ imú mi pọ̀ọ̀, ni mo bá bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ọmọ Táíwò tó wà nílé kejì rò pé ẹnì kan kú.

Lọ́jọ́rú, màá wá sí Ikate. Má sọ fún mi pé ọ̀nà jìn, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Ajah, mo ti ń wọ̀ ọ́ kí n tó bí ọ. Kí Fúnláyọ̀ kọ àdírẹ́sì rẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ jẹ gbogbo ohun tí o kọ sínú lẹ́tà yẹn, kí n mọ̀ bóyá òótọ́ lo ń sọ. Bàtà pẹlẹbẹ ni màá wọ̀.

Ìyá rẹ,
Rùkáyátù.


Lakowe,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ, 2025.

Fàrídátù ọmọ mi,

O kú ìrìnàjò. Kàmál kọ ọ́ sórí ìwé fún mi pé o ti délé láyọ̀, òtútù kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Àlùhámúdù lílááì.

Mo fẹ́ sọ àwọn ohun tí n ò lè sọ lọ́jọ́ tí mo wá bá ọ ní Ikate. Ariwo àwọn wẹ́dà yẹn pọ̀, bí mo bá sọ̀rọ̀, n kì í gbọ́ èsì rẹ.

Àkọ́kọ́, àkàrà yẹn dára. Mo gbà. Ẹni tó ń dín in mọ̀ ọ́n lù. Bọ̀ọ̀lì Tolúwani náà dára, ṣùgbọ́n kó dẹ́kun bíbi mí bóyá ìyá rẹ ni mí, ó rí ojú wa.

Èkejì, ẹja. Obìnrin tó ń yan ẹja ní ọ̀nà etí òkun ti fi ata bo tirẹ mọ́lẹ̀, o ti ya á, o ti gbé e dé ẹnu. Èmi ni mo gbọ́n ọn dànù lọ́wọ́ rẹ, ló fi já bọ́ sórí aṣọ rẹ. Ẹja yẹn ti bàjẹ́, ọmọ mi. Ó ti ń rùn lábẹ́ ata. O wò mí bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà dìde, ó ń na ìka sí mi, ẹnu rẹ̀ ń lọ bí ẹ̀rọ, n ò gbọ́ ìkankan. Mo bi ọ́ pé kí ló ń sọ. O fi ẹnu sí mi létí, o ní, "Ó ní ẹ kú àárọ̀." N ò jẹ́ gbà láéláé pé "ẹ kú àárọ̀" ni obìnrin yẹn sọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń ta omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé ẹja náà nílẹ̀, ó fi imú kàn án, ó yí ojú padà. Ìyẹn ló pa á lẹ́nu mọ́.

Láti ibẹ̀ títí a fi dé ọ̀dọ̀ Fúnláyọ̀, ò ń nu ata kúrò lára aṣọ rẹ. Mo mọ ohun tí o ń rò, nítorí èmi náà ń rò ó. Ta ló máa gba ẹja lọ́wọ́ rẹ ní Leeds?

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ rèé. Sọ fún ọ̀gá rẹ. Bó bá lé ọ, kó lé ọ, iṣẹ́ mìíràn wà, ẹ̀mí mìíràn kò sí. Ra ẹ̀rọ tó máa ń ké bí gáàsì bá jò, Kàmál ní ó wà. Má jẹ ẹran tàbí ẹja tí ẹlòmíràn ò tíì fi imú kàn fún ọ, béèrè láìtijú. Èmi náà máa ń ní kí àwọn ènìyàn tún ọ̀rọ̀ sọ, n ò kú.

Inú mi ṣe gbùrù-gbùrù títí di ọjọ́ kejì. Súyà yẹn ni. N ò sọ fún ọ kí o má bàa máa yọ̀ mí. Màá tún jẹ ẹ́.

Ìyá rẹ,
Rùkáyátù.


Lakowe,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, 2025.

Fàrídátù,

Ṣé àlàáfíà ni? Ìlà méjì lo kọ láti ìgbà tí mo kọ̀wé: "Mo ti sọ fún ọ̀gá mi. Màá kọ̀wé dáadáa láìpẹ́." Láìpẹ́ rẹ ti pẹ́. Kí ni ọ̀gá rẹ sọ? Ṣé o ra ẹ̀rọ gáàsì? Tí o bá ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi, mo ti sọ ohun tí màá ṣe. Àwọn kọ́lékọ́lé ti kó iyanrìn wọn, òjò sì ti dáwọ́ dúró, nítorí náà kò sí ìjà kankan tó lè gba ọkàn mi. Ìwọ nìkan ni mò ń rò.

Ìyá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kọkànlá, 2025.

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo tún dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ẹ má bínú.

N ò fi nǹkan pa mọ́. Ohun tí màá kọ ni n ò rí. Ọ̀gá mi kò lé mi. Ó jókòó, ó gbọ́ mi tán, ó ní kí ló dé tí n ò ti sọ ọ́ láti ìgbà yẹn. Ó fi mí sídìí búrẹ́dì àti kéèkì, níbi tí ojú àti ọwọ́ ti ń ṣe iṣẹ́ jù, ó sì ní kí n má tan iná tí ẹnì kejì kò bá sí nítòsí. Ẹ̀rọ gáàsì wà lára ògiri kíṣìnnì mi. Ó ti ké lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe gáàsì, bátìrì rẹ̀ ló fẹ́ kú.

Dókítà ní kí n máa fi imú fa àwọn òróró kan láràárọ̀ àti láṣàálẹ́: òróòmbó, kànáfùrù, òdòdó, ewé kan báyìí. Mo ń jókòó, mo ń fà á, mo ń gbìyànjú láti rántí. Lójoojúmọ́, òfìfo. Ó wá dé ìgbà kan tí mo kó wọn sínú dúrọ́ọ̀, mo tì í pa. Ìgbà yẹn ni ẹ kọ̀wé sí mi. Tí mo bá fèsì, màá ní láti sọ fún yín pé ó ti sú mi, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin kò ní jẹ́ kó sú mi. Mo kó wọn jáde padà, n ò sì fèsì. Ìwà mi nìyẹn, ẹ bá mi gba àdúrà sí i.

Ní ọjọ́bọ̀, mo ń po ìyẹ̀fun níbi iṣẹ́. Lójijì, nǹkan kan wọ imú mi bí ìgbà tí wọ́n bá ń sun táyà. Mo fò sẹ́yìn. Mo pariwo pé nǹkan ń jó. Gbogbo wọn sáré, wọ́n wo iná, wọ́n wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kò sí nǹkan. Ọ̀kan nínú wọn kàn ń po kọfí ni, ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀bù lọ́wọ́, ó ń wò mí. Mo ní kó sún mọ́ mi. Ó sún mọ́ mi, òórùn yẹn le sí i. Mo ní kó jìnnà, ó dínkù.

Kọfí ni, Màámi. Dókítà ní bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn nìyẹn, tí imú bá ń gbìyànjú láti padà: á máa gbé òórùn wá ní òdì. Ó ní ó lè tún ara rẹ̀ ṣe, ó sì lè dúró bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹ má tíì kéde rẹ̀ ní mọ́sálásí.

Mo gba kọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé, nínú òtútù, mo sì gbé imú lé e títí kọfí náà fi di tútù. Ó ń rùn, Màámi. Ó ń rùn burúkú burúkú.

Ọmọ yín,
Fàrídátù.